Omi Ń Kún, Ìwàásù Ò Tíì Parí

Ẹ̀rù omi kò bà mí rí kí n tó di ògbufọ̀. Mo sọ èyí níbẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn tó mọ̀ mí gbà pé ohun gbogbo ló ń dẹ́rù bà mí, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ parọ́. Bí fóònù bá dún ní kùtù òwúrọ̀, àyà mi á já. Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, màá ti máa tọrọ àforíjì kó tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n omi kọ́. Ẹ̀gbẹ́ omi ni wọ́n bí mi sí ní Ajégúnlẹ̀. Omi a máa wọ àgbàlá wa, a sì máa jáde, a ó gbá ẹrẹ̀ tó bá fi sílẹ̀, ayé á máa lọ.

Mo ti jáde yunifásítì, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, mo ń wá iṣẹ́ tí n kò rí. Ìgbà yẹn ni mo pàdé míṣọ́nnárì kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n wá láti Sáḿbíà, orílẹ̀-èdè kan níhà gúúsù Áfíríkà tí òkun kò dé ibi kankan nínú rẹ̀. Ìjọ wọn ló rán wọn wá. Ìjọ náà gba yàrá méjì fún wọn lẹ́yìn ilé àtijọ́ ńlá kan ní GRA Àpápá, ṣùgbọ́n àárín Amukoko àti Ajégúnlẹ̀ ni iṣẹ́ wọn wà. Wọ́n nílò ẹni tí yóò máa sọ Gẹ̀ẹ́sì wọn di Yorùbá. Mo gbà á.

Bí ọkùnrin náà bá jẹ́ Yorùbá ni, "wọ́n" ni ǹ bá máa pè é níbi gbogbo nínú ìtàn yìí, nítorí ó jù mí lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣàlàyé fún un bí a ṣe ń pọ́n àgbà lé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má sọ òun nìkan di ọ̀pọ̀ èèyàn, pé òun kò ní oúnjẹ tí òun yóò fún gbogbo wọn. Nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní "ó". Ó ṣì máa ń nira fún mi.

Iṣẹ́ wọn kò ní ariwo nínú. Láàárọ̀, wọ́n á gbé tíì gbígbóná lọ fún àwọn awakọ̀ tírélà tó ń dúró kí wọ́n tó wọ èbúté. Lọ́sàn-án, ìyàwó á máa wọ ilé dé ilé, á máa kí àwọn aláìsàn, èmi á máa tẹ̀lé e. Ìró ló ń ró bíi tiwa. Àgbàdo lílọ̀ ni wọ́n ń rò jẹ ní alaalẹ́, àwọn aládùúgbò sì ti pinnu pé tùwó ni, pé ọmọ Ọlọ́run tó ń jẹ tùwó kò lè jẹ́ àjèjì.

Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gbà pé àlejò ni wọ́n.

Ní ọjọ́ kan, èmi àti míṣọ́nnárì náà, tí gbogbo wa ń pè ní pásítọ̀, wọ kẹ̀kẹ́ láti Boundary. Awakọ̀ náà ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ sún díẹ̀." Pásítọ̀ ò sún. "Ẹ sún, mo ní! Àbí adití ni yín?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbọ́ Yorùbá ni."

"Wọn ò gbọ́ Yorùbá? Pẹ̀lú imú tó jọ ti ẹ̀gbọ́n mi yìí? Àwọn tó bá ti rówó dé GRA, èdè ìyá wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbàgbé!"

Gbogbo kẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ bi mí pé kí ló wí. Mo ní ó sọ pé ó jọ ẹ̀gbọ́n òun. Inú rẹ̀ dùn títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Mo máa ń ronú lé e lórí. Bí òyìnbó aláwọ̀ funfun bá wá sí àdúgbò wa, ọmọdé àtàgbà ni yóò máa kìlọ̀ fún un: ẹ má mu omi yẹn, ẹ má gba ọ̀nà yẹn, ẹ ká sòkòtò yín sókè, òjò ti ṣú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹni tó jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ohun tí gbogbo ayé mọ̀? Ohun tí gbogbo èèyàn bá mọ̀ kì í ní ẹni tó ń sọ ọ́.

Màmá mi wọ ọ̀rọ̀ náà nípasẹ̀ orókún wọn. Ó wú nígbà òjò kan, tí wọn kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó pásítọ̀ ń wá lójoojúmọ́, ó ń fi omi gbígbóná jó o, kò sì wàásù kankan; kò tiẹ̀ gbọ́ èdè tí yóò fi wàásù bí èmi kò bá sí nílé. Àwọn méjèèjì á kàn jókòó, ọ̀kan á kérora, èkejì á mí kanlẹ̀. Nígbà tí orókún náà rọlẹ̀, màmá mi ní àwọn fẹ́ ṣe ìrìbọmi.

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré nílé wa. Bàbá mi, tó ti ṣaláìsí, Mùsùlùmí ni, ọmọ Ìsẹ́yìn. Àwọn àti màmá mi gbé pọ̀ láìjà lórí ẹ̀sìn. Màmá mi á bá wọn sè sààrì, wọ́n á bá màmá mi ra aṣọ Kérésì. Ṣùgbọ́n ìrìbọmi, màmá mi ń sún un síwájú ni láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbọ́, wọ́n wá láti Amukoko, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ kan péré: "Ìyàwó wa, a ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rù òjò, kí lẹ fẹ́ lọ wá nínú òkun?" Wọ́n lọ. Màmá mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Ní òwúrọ̀ wọ́n sọ fún mi pé, "Bí mo bá dé etí omi yẹn tí mo padà sílé láìwọ̀ ọ́, mi ò ní lọ mọ́ láéláé. Mo mọ ara mi." Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn bí ẹni gbé òkúta sápò. N kò fẹ́ kí wọ́n wọ omi, n kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò dá wọn padà.

Ìjọ pásítọ̀ kì í wọ́n omi síni lórí. Rírì ni wọ́n ń ri èèyàn, nínú omi tó ń ṣàn. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà, èmi àti òun lọ wo etí omi tó wà lẹ́yìn Ajégúnlẹ̀, nítòsí ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń kó èrò kọjá sí òdìkejì. Láti ibẹ̀, èèyàn ń rí kéréènì tó ń gbé ẹrù ní èbúté Àpápá lókèèrè, tó na ọrùn sókè bí ẹyẹ tí ń ṣọ́ ẹja. Omi náà dúdú, ó ń rùn bí epo.

Ó bi mí pé, "Ǹjẹ́ ọ̀nì wà níbẹ̀?"

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ní ilé wọn, ọ̀nì gbé ọkùnrin kan lójú òun ní ọjọ́ ìrìbọmi, kí wọ́n tó kọ orin kejì. Mo ní kò sí ọ̀nì. Ó mí, ó bọ́ bàtà, ó wọ omi dé ìbàdí, ó tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò káàkiri, ó sì ri igi gígùn kan mọ́ ibi tí òun yóò dúró sí. Bó ṣe ń jáde, ojú rẹ̀ mọ́. Ní tirẹ̀, ó ti wo gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn wò nínú omi.

Ọjọ́ Àìkú náà dé. Wọ́n fi kánópì bo etí omi, wọ́n to àga oníke. Àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi wọ aṣọ funfun gbọọrọ, màmá mi jókòó síwájú nítorí àwọn ló dàgbà jù, àwọn ni yóò sì kọ́kọ́ wọlé. Pásítọ̀ kò fẹ́ kí ọkọ̀ tó ń kọjá gba ọkàn ìjọ, nítorí náà ó ní kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí omi. Èmi àti òun nìkan la kọjú sí i.

Ẹni tí kò bá ṣe ògbufọ̀ rí kò lè mọ bí ìwàásù ṣe gùn tó. Gbólóhùn kan di méjì. Àdúrà kan di méjì. Bí òun bá sọ ìtàn, èmi náà á sọ ọ́. Bí òun bá sunkún níbẹ̀, n kò lè sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìròyìn. Òfin iṣẹ́ wa sì ni pé ẹnu mi kì í ṣe tèmi títí yóò fi parí. Mo ti fi yá a.

Mo ń sọ nípa ìfẹ́ Ọlọ́run nígbà tí mo rí i pé igi náà ti kúrú.

Mo rò pé ojú mi ni. Mo sọ gbólóhùn mìíràn, mo tún wò ó. Taya àtijọ́ kan wà létí omi nígbà tí a dé. Omi ti yí i ká, ó ti wọ inú rẹ̀. Igbá oníke kan ń bọ̀ láti ọ̀nà òkun, ó ń rìn jẹ́jẹ́ wọ inú ilẹ̀ lọ. Omi ń kún, bó ti ń kún lójoojúmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ìgbà yẹn gan-an ló yé mi pé ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò mọ̀ pé omi yìí ń lọ, ó sì ń bọ̀. Omi tí òun mọ̀, ọ̀nà kan ló ń lọ. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe rẹ̀ ju pé ó dà bí ìgbà tí o wà nínú ọkọ̀, tí o sì ṣàkíyèsí pé awakọ̀ ń sùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rọ̀ kúrú. Òun á sọ gbólóhùn márùn-ún, èmi á sọ ọ̀kan.

Ìyá kan níwájú gbé ọwọ́ sókè. "Ògbufọ̀, ṣé gbogbo ohun tí wọ́n sọ láti ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn?"

Ẹlòmíràn ní, "Má jẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́ wa lọ́wọ́ o, a ò tíì jẹun àárọ̀!"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ rí ẹ̀rín náà, ó rò pé ìwàásù ló ń dùn mọ́ wọn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn tuntun.

Nígbà tó dákẹ́ láti nu ojú, mo rú òfin. Mo sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, ní ohùn kékeré, pé omi ń kún. Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní, "Òjò ti rọ̀ lókè odò nìyẹn."

"Rárá, sà. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á padà lọ."

"Ta ni yóò dá a padà?" Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń bi mí ni. Ní ilé wọn, odò tó bá ti kún, á kún fún oṣù mélòó kan. Lójú tirẹ̀, bí a kò bá wọ omi nísinsìnyí, kò sí ìrìbọmi mọ́ títí òjò yóò fi dá. Ó pa Bíbélì dé. "Ẹ jẹ́ ká yára."

Ohun tí mo sọ láti dá a dúró gan-an ló tì í wọlé.

Mo sọ̀rọ̀ sí màmá mi létí. "Màmá, omi ti kún."

"Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ṣé o rò pé adití ni mí?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ́jọ́ mìíràn."

Wọ́n wò mí. "Mo ti sọ ohun tí mo sọ fún ọ." Wọ́n fún mi ní bàtà wọn kí n bá wọn gbé e sábẹ́ àga.

Àwa mẹ́ta la wọlé: pásítọ̀ lọ́tùn-ún wọn, èmi lósì, nítorí ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọ̀rọ̀ bá wà. Orí igi náà nìkan ló yọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, omi kan pásítọ̀ láyà, ó kan màmá mi léjìká. Ọwọ́ wọn tutù nínú ọwọ́ mi. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, mo ń tẹ̀lé e, n kò sì mọ èdè tí mò ń sọ mọ́.

Ọkọ̀ afakọ̀ kan kọjá láti èbúté, ó ń fa ọkọ̀ ńlá kan bọ̀ lẹ́yìn. Ó jìnnà sí wa. N kò tiẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀. Ìgbì rẹ̀ ló dé lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti lọ tán.

Ilẹ̀ sọnù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo mu omi, mo gbọ́ igbe láti ibi tó jìn, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ tó wà nínú ọwọ́ mi ti lọ. N kò ronú nípa Ọlọ́run. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ronú ni pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi yóò bi mí ní ìbéèrè, n kò sì ní ní ìdáhùn.

Nǹkan kan fa ọrùn ẹ̀wù mi. Màmá mi ni. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti ju okùn sí wa, màmá mi di okùn mú lọ́wọ́ kan, wọ́n di èmi mú lọ́wọ́ kejì, wọ́n ń pariwo mọ́ mi: "Tu ú dànù! Tu omi yẹn dànù, má gbé e mì!" Pásítọ̀ rọ̀ mọ́ igi rẹ̀. Wọ́n fa gbogbo wa sókè bí ẹja.

Àwọn tó kù tí wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi ti ń bọ́ aṣọ funfun. Kò sẹ́ni tó dágbére. Ọlọ́kọ̀ kan tó ń ká okùn rẹ̀ wo màmá mi, ó ní, "Ìyá, ẹ má padà síbẹ̀ o. Omi tó bá ti tọ́ èèyàn wò kì í gbàgbé adùn rẹ̀."

"Ìwọ tó ń gbé orí rẹ̀ láti kékeré ńkọ́?" ni màmá mi dá a lóhùn. "Àbí ìwọ ò ládùn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára.

Pásítọ̀ jókòó sórí yanrìn. Ó ní kí n sọ fún màmá mi pé wọ́n ti wọ omi, wọ́n ti jáde, Ọlọ́run ti rí i, ó ti tó. Mo sọ ọ́. Inú mi dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo fẹ́ kí ó jẹ́ òtítọ́.

Màmá mi wo ojú rẹ̀ títí. "Báwo ló ṣe tó? A ò tíì pe orúkọ kankan lé mi lórí kí omi tó gbé wa. Bi í bóyá òun náà gbà á gbọ́."

Mo bi í. Ìyàwó rẹ̀, tó ń fi ìró rẹ̀ nu irun màmá mi, ló dáhùn dípò rẹ̀. Ó ní, "Kò gbà á gbọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá mi mi orí. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Sọ fún un pé omi á fà. A ó dúró."

A dúró. Wọ́n wá ká kánópì lọ, wọ́n kó àga lọ, wọ́n fi mẹ́rin sílẹ̀ fún wa. Òòrùn rìn kọjá lórí wa. Nígbà kan, àwọn pàǹtí tó ń wọlé dúró sójú kan, bí ẹni pé wọ́n ń ronú; lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ọ̀nà òkun. Pásítọ̀ dìde nígbà tó rí i. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ burú ju ti àárọ̀ lọ. Ó ní òun ti ń wàásù fún wa láti ọjọ́ yìí nípa Ẹni tó ń pàṣẹ fún omi, òun kò sì mọ̀ pé lójoojúmọ́, lẹ́yìn ilé wa, gbogbo omi yìí ń dìde, ó ń lọ. Ó ní, "Kí ló tún wà láàárín yín tí n kò mọ̀?" Mo wá ń ronú gbogbo ohun tí a kò sọ fún un, ọkàn mi kò sì balẹ̀ rárá.

Nígbà tí òòrùn fẹ́ wọ̀, a tún wọlé. Omi ti fà padà dé ìbàdí, ṣùgbọ́n ó ń fà wá lẹ́sẹ̀ lọ sí ọ̀nà ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá wà, bí ọmọ tó ń fa ìró ìyá rẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ dúró létí, ó wọ omi dé kókósẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú, bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ lè gùn dé ọ̀dọ̀ wa.

Pásítọ̀ ní, "Mo ṣe ìrìbọmi fún yín." Mo sọ ọ́.

"Ní orúkọ Baba." Mo sọ ọ́.

"Àti ti Ọmọ." Mo sọ ọ́.

Ó sọ èyí tó kẹ́yìn. N kò sọ ọ́. Bí mo bá ti sọ ọ́ tán ni yóò rì wọ́n. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà láti kékeré, ó wà lórí ahọ́n mi, ẹnu mi kọ̀ láti là. Pásítọ̀ ń wò mí. Omi ń fà. Mo ń wá bóyá ọkọ̀ kankan ń kọjá.

Màmá mi kò wò mí. Wọ́n ti di ojú. "Sọ ọ́," ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń jí mi nígbà tí mo wà nílé ìwé.

Mo sọ ọ́.

Wọ́n lọ sísàlẹ̀. Mo di apá wọn mú débi pé àpá ìka mi ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Omi pa dé mọ́ wọn lójú, ó dúdú, n kò rí wọn, mo ń gbọ́ mímí ara mi. Lẹ́yìn náà orí wọn jáde, wọ́n tu omi dànù, wọ́n nu ojú. Pásítọ̀ ń sunkún.

Màmá mi ti kọjú sí etí omi, wọ́n ti ń fà wá méjèèjì lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni wọ́n wí, "kí omi tó tún yí padà."